Bí Ògiri Kò Bá Lanu

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)



Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kò kàn wá. Oúnjẹ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ bíi tiwa ló bà jẹ́.

Adágún omi ńláńlá wà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹja trout inú wọn ni ọ̀pọ̀ apẹja fi ń bọ́ ìdílé wọn. Ẹja mìíràn sì wà nínú òkun, lamprey ni orúkọ rẹ̀. Afòmọ́ ni. Ó gùn bí ejò, ẹnu rẹ̀ rí roboto bí ẹnu ife, eyín sì kún inú rẹ̀. Yóò lẹ̀ mọ́ ẹja mìíràn lára, yóò dá a lára lu, yóò sì máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Ọ̀kan ṣoṣo lè pa ẹja tó tó kílò 18 kí òun náà tó kú.

Láyé àtijọ́, kò lè dé àwọn adágún òkè, nítorí omi Niagara tó ń já bọ́ láti orí àpáta dí i lọ́nà. Ní 1829, wọ́n ṣí kánáàlì Welland kí ọkọ̀ ojú omi lè yẹ Niagara sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tún un ṣe kí ó lè gba ọkọ̀ ńlá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní 1921, wọ́n rí lamprey nínú adágún Erie. Nígbà tó fi di 1938, ó ti dé Superior, tó tóbi jù nínú wọn.

Kí ó tó dé, trout tí wọ́n ń pa nínú àwọn adágún òkè tó bíi tọ́ọ̀nù 6,800 lọ́dún. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 bẹ̀rẹ̀, kò ju bíi tọ́ọ̀nù 140 lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n ti ń pa ẹja ní àpajù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lamprey ló wá gbé e dé ojú ikú. Apẹja tí kò gbẹ́ kánáàlì, tí kò jẹ nínú èrè ọkọ̀, òun ló san gbèsè rẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe? Omi kò mọ ààlà, nítorí náà ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1954. Àwọn onímọ̀ dán kẹ́míkà tó sún mọ́ 6,000 wò kí wọ́n tó rí TFM, tó ń pa ọmọ lamprey nínú ẹrẹ̀ odò, tí kì í sì í pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹja yòókù. Lamprey dín kù gan-an: bí mẹ́wàá bá wà tẹ́lẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ti lọ.

Ṣùgbọ́n kò tán. Ní 2020, àrùn kòrónà kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń da oògùn náà lè dé ọ̀pọ̀ odò. Kò pẹ́ tí lamprey fi tún pọ̀ sí i. Ìgbà náà ni ojú wá rí iye tí iṣẹ́ wọn tó.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ẹ̀rọ tuntun tàbí ọ̀nà tuntun wá, ká tètè béèrè ta ni yóò jìyà rẹ̀, kí ògiri tó lanu. Bí a bá sì ti ṣẹ́gun, ká má ṣe sùn. Ohun tí a fi ọdún mẹ́wàá jà fún, ọdún méjì àìbìkítà lè gbà á lọ́wọ́ wa.

Ẹ máa wá sí ìpàdé o.