Èéfín Ni Ìwà Ọkọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn awakọ̀ sọ ní Treichville, Abidjan)



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: kí á mọ àìsàn ọkọ̀ wa kí àwọn tí ń ṣe visite technique tó sọ ọ́ fún wa. Bí wọ́n bá dá gbaka tàbí wôrô-wôrô padà nítorí èéfín, ọjọ́ náà di òfo fún awakọ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó ojoojúmọ́ tí ó ń kó fún ọlọ́kọ̀ kò ní tìtorí rẹ̀ dín.

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà. A kì í bò ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnnì. Ní gbangba ìta, ẹ jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, kí ẹnì kan tẹ iná, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó wo sálẹ́ńsà.

Bí èéfín bá dúdú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ fíltà afẹ́fẹ́ wò. Bí eruku bá ti dí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí fíltà bá mọ́, kí mẹkáníìkì yẹ ohun tí ń fọ́n epo wò, èyí tí a ń pè ní injecteur níhìn-ín.

Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Ẹ máa fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ bí ó ti ń dín sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ríńgì inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ.

Bí ó bá ń rú funfun lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí omi rádíétọ̀ sì ń dín, ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gbé e jáde. Ẹ má sì ṣí rádíétọ̀ gbígbóná.

Fíltà kò wọ́n. Ṣùgbọ́n títún inú ẹ́ńjìnnì ṣe kì í ṣe ẹrù awakọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Kí ẹ fún ọlọ́kọ̀ ní ẹ̀dà kan, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ padà, ìwé náà ni yóò sọ ẹni tí ó mọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹni tí ó bá fi àrékérekè kọjá àyẹ̀wò, ara rẹ̀ ni ó tàn. Òun ni yóò jókòó sínú èéfín náà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ní ọdún 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín dísẹ́lì ń fa àrùn náà fún ènìyàn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ìjọba Côte d'Ivoire pàṣẹ pé takisí àlòkù tí a bá kó wọlé kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 5 lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin ẹnu bodè kò lè tún ẹ́ńjìnnì tí ó ti wà lójú títì ṣe. Ojú wa, ìwé wa àti ẹgbẹ́ wa ni yóò ṣe é.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.