Eegun Kì í Bá Èémí Sáré

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yé wa lónìí: ọ̀pọ̀ ìfarapa tí a ń dì ru eré ìdárayá, ìkánjú ló fà á. Àǹfààní eré náà fúnra rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn nínú mọ́. Ní 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí ìjókòó ni dírẹ́bà máa ń wà. Kọ̀ndọ́ ní tirẹ̀ ń gùn sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí owó ọkọ̀ tó fẹ́ gbà. Àìsàn ọkàn mú dírẹ́bà ju kọ̀ndọ́ lọ. Ẹnìkan lè ní ṣé kì í ṣe pé àwọn tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló lọ gba iṣẹ́ ìjókòó. Ìbéèrè gidi ni. Morris náà bi ara rẹ̀, ó sì lọ yẹ ìwọ̀n ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù wọn wò. Lóòótọ́, ìbàdí àwọn dírẹ́bà tóbi jù. Síbẹ̀, àtẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ àtẹni tó yọkùn, ikú òjijì ọkàn kì í pa kọ̀ndọ́ tó dírẹ́bà.

Bó bá wá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá jókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní oṣù kìn-ín-ní, fi ń tiro ní oṣù kẹta? Ìyára àwọn ẹ̀yà ara wa kò dọ́gba ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí onítọ̀hún á ti máa já geere, ẹran itan rẹ̀ á ti máa le. Iṣan tó so ẹran mọ́ eegun kò yá tó bẹ́ẹ̀. Oṣù lòun ń kà. Ti eegun ló yà mí lẹ́nu jù. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé bá a, ṣe ló kọ́kọ́ máa ń gbẹ́ ara rẹ̀ tó ti gbó kúrò kó tó fi tuntun dí i, bí ẹni tó wó ògiri kó tó mọ òmíràn. Gbígbẹ́ yẹn ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dídí rẹ̀ sì lè tó oṣù mẹ́ta. Kí dídí tó parí, eegun kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀, àsìkò yẹn gan-an sì ni èémí ń tan olówó rẹ̀ pé kó fi kún eré. Ní 1855, Breithaupt, dókítà ọmọ ogun Prussia, ṣàpèjúwe ẹsẹ̀ wíwú tó ń mú àwọn sójà lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Wọn ò ṣubú, ẹnikẹ́ni ò lù wọ́n. Ìgbà tí ẹ̀rọ X-ray dé la tó rí i pé eegun ẹsẹ̀ irú wọn ló ń sán. Ìrora rẹ̀ kì í tàn ká bí ara ríro lásán. Ojú kan ló máa ń wà, ìka kan á bò ó.

Àwọn kan á ní àwọn bàbá wa roko láti ìdájí, wọn ò mọ díẹ̀díẹ̀ kankan. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ ọdún méje kì í gba ọkọ́ bàbá rẹ̀. Ọkọ́ kékeré ni wọ́n ń fún un. Nígbà tó bá fi di géńdé, eegun rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́wàá mọ iṣẹ́ náà. Ta ló tiẹ̀ sọ pé wọn kì í fara pa? Àgbo ara ríro kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sè. Àwọn mìíràn gbà pé nínara ṣáájú eré ti tó ààbò. Ní Australia, wọ́n pín 1,538 ọmọ ogun tuntun sí méjì: apá kan ń na ẹsẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, apá kejì kò na án. Èsì tó jáde ní 2000 kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn nínú ìfarapa wọn. Bí ara kálukú ti le sí nígbà tó wọlé ló ṣe pàtàkì jù. N ò ní kí ẹ má nara o. Ẹ kàn má fi ṣe ońdè.

Ẹ̀rí tó kan ilé wa jù ni ti ẹ̀jẹ̀ AS, tí nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní ní Nàìjíríà. Ní 1987, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ ogun tuntun aláwọ̀ dúdú, ikú òjijì lẹ́nu ìdánrawò fi ìlọ́po tó ju 20 lọ pọ̀ lára àwọn AS ju lára àwọn tí kì í ṣe AS lọ. Ẹlòmíràn á torí èyí ní kí AS jókòó sílé. Àwọn ológun yàn láti tún ìdánrawò ṣe: omi mímu, ìsinmi nínú ooru, kí ìnira máa ga díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ nǹkan bí 48,000 sójà aláwọ̀ dúdú wò, nínú èsì tó jáde ní 2016, ikú àwọn AS kò ju ti àwọn yòókù lọ. Ewu kan ṣì kù, ìyẹn kí ẹran ara máa fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nítorí àṣejù. Ẹ̀jẹ̀ àwọn AS kò yí padà, ìdánrawò ló yí padà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí àga kò gbọdọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ sọ́jọ́ Sátidé kan. Kó fi ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n tó ṣì lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Bí ìrora ojú kan bá sì bá a wálé, tó tún jí i láàárọ̀, kó lọ rí dókítà. Kó má fi oògùn ara ríro bò ó mọ́lẹ̀ kó tún lọ wọ bàtà eré.