ỌDÚN Ẹ̀KỌ́ TUNTUN: TA NI YÓÒ DÚRÓ S'ÍLÉ?



Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba t'ó tún dá ẹ̀mí sí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, ìrònú a gba ọkàn òbí. Aṣọ ilé-ìwé ti kéré mọ́ ẹ̀gbọ́n, bàtà àbúrò ti já, ìwé kò tíì pé, owó ilé-ìwé sì ń dúró. Bí owó ọwọ́ kò bá kárí, ìbéèrè kan a máa wá sí ọkàn òbí l'óru, èyí tí kì í fẹ́ sọ síta: nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ta ni yóò dúró s'ílé?

L'ọ́pọ̀ ìgbà, orí ọmọbìnrin ni ìdáhùn náà máa ń já lé. Wọn a ní ilé ọkọ ni yóò lọ, kí ó kúkú máa kiri ọjà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè parí ìwé. Bẹ́ẹ̀, òun ni yóò di ìyá l'ọ́la. Òun ni yóò ka ohun tí a kọ sí ara ìgò oògùn kí ó tó fún ọmọ aláìsàn lò. Amáànà ni ọkùnrin, amáànà ni obìnrin. Ẹni tí ó fi wọ́n sí ìkáwọ́ òbí yóò bèèrè nípa àwọn méjèèjì.

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí kò rọrùn fún àwọn t'ó ṣáájú. Nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ìjọ Kristẹni l'ó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé, ẹ̀rù ń ba òbí Mùsùlùmí pé ọmọ yóò fi ẹ̀sìn sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì dá ọmọ wọn dúró s'ílé. Ní ọdún 1896 ni ìjọba ṣí ilé-ìwé fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Ti Ẹ̀pẹ́ tẹ̀lé e ní 1898, ti Àgbádárìgì ní 1899. Ní 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, tí ẹgbẹ́ náà sì ń kọ́ ilé-ìwé káàkiri. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ilẹ̀kùn tí àwọn àgbà fi làálàá ṣí, kò yẹ kí òbí òde òní tì í mọ́ ọmọ tirẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004 pàápàá sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ lo ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé, láìsan owó ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé ìjọba. Nítorí náà, bí owó ilé-ìwé aládàáni bá kọjá agbára, ilé-ìwé ìjọba tí ó wà l'ádùúgbò sàn ju kí ọmọ jókòó s'ílé lọ. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Owó nìkan sì kọ́ ni òbí jẹ ọmọ ní gbèsè. Ọmọ tí ó kiri ọjà di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, oorun ni yóò máa sùn níwájú olùkọ́. Kí òbí máa wo ìwé ọmọ l'álaalẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ọmọ kà á sókè, kí ó sì bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kí òbí mọ olùkọ́ kí ìjà tó dé. Kí ilé-kéwú náà ní àkókò tirẹ̀, kí ọ̀kan má pa èkejì lára. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ìwé tí ẹ ti lò ta àwọn àbúrò l'ọ́rẹ. Kí ẹni tí ó mọ ìṣirò kọ́ ọmọ aládùúgbò ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Asri. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ t'ó wúlò ta àwọn ọmọ l'ọ́rẹ, kí Ó sì fún àwọn òbí ní agbára láti ṣe ojúṣe wọn. Àmín.