Sípéà Páàtì ni Agbára Hẹlikópítà Akẹ́rù

Láti 1964 ni Zaria ti ń kọ́ awakọ̀ bàálù àti àwọn tó ń tún un ṣe, ní Nigerian College of Aviation Technology. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ibí ló yẹ kí n ti sọ ọ́: ẹni tó ra hẹlikópítà ológun tí kò ra páàtì, ère ló rà.

Ẹ jẹ́ ká mú Chinook, akẹ́rù tí Amẹ́ríkà ṣe. Ọdún 1961 ló kọ́kọ́ fò, títí di òní ni wọ́n ṣì ń lò ó. Kò ní abẹ̀bẹ̀ kékeré nírù. Abẹ̀bẹ̀ ńlá méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá ń yí sọ́tùn-ún, èkejì a máa yí sósì, kí ara ọkọ̀ má baà pòòyì. Irin gbọọrọ tó gba òrùlé kọjá ló so wọ́n pọ̀, tí apá wọn kì í fi í gbá ara wọn.

Ní oṣù Kẹjọ 2022, àwọn ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá gbogbo Chinook wọn dúró. Epo ń jò lára ẹ́ńjìnnì, iná sì ti ṣẹ́ yọ lára mélòó kan. Òrùka rọ́bà tí kò kún ojú òṣùwọ̀n ni wọ́n tọ́ka sí. Rọ́bà lásán dá òmìrán dúró!

Àwọn kan á fẹ́ fi ogun Falklands, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Argentina jà, ja mí níyàn. Lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1982, ohun ìjà Argentina lu Atlantic Conveyor, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Chinook mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ ṣòfò, pẹ̀lú páàtì, irinṣẹ́ àti ìwé ìtọ́nà. Chinook tí wọ́n ń pè ní Bravo November, tó wà lókè lásìkò náà, nìkan ló yè. Láìsí páàtì, ó gbé ọmọ ogun 81 lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìlọ́po méjì iye tí a ṣe é fún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ni ogun yẹn parí, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Tiwa ní Borno ti ń jà láti 2009. Ìgboyà lè gbé ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò lè gbé e fún ọdún mẹ́wàá.

Páàtì hẹlikópítà kì í ṣe ti mọ́tò tí a lè fi tókunbọ̀ dí. Àwọn tó ṣe kókó ní nọ́ńbà, wọ́n sì ní ìwé tó ń sọ ẹni tó ṣe wọ́n àti iye wákàtí tí wọ́n ti fò. Tí wákàtí bá pé, wọn á yọ ọ́, bó tilẹ̀ ń dán. Ẹ wá wo ọmọ ogun òfuurufú wa: wọ́n ń lo Mi-17 ti Rọ́ṣíà, Super Puma ti Faransé, Agusta ti Ítálì. Páàtì ọ̀kan kò bá èkejì mu. Ilé ìtajà mẹ́ta là ń tọrọ lọ́wọ́ wọn, bí ọ̀kan bá sì bínú sí wa, ìdá kan agbára wa ti rọ nìyẹn.

Nítorí náà, kí a dín oríṣi tí a ń rà kù, kí àwọn ọmọ wa ní Zaria àti Kaduna sì máa kọ́ bí a ṣe ń yẹ páàtì wò, kí wọ́n máa ṣe àwọn kéékèèké fúnra wọn. Tí ẹ bá tún gbọ́ pé ìjọba ra hẹlikópítà tuntun, ẹ bi aṣòfin yín léèrè: páàtì ọdún mélòó ni ẹ rà mọ́ ọn?