Sepsis: Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà

Bí ara ìyá ọlọ́mọ tuntun bá gbóná ní ọjọ́ kẹrin tó bímọ, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ni pé "ibà ni". Wọ́n á ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, wọ́n á ní kó lọ sùn.

Bó bá jẹ́ pé sepsis ni, oorun yẹn lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Kí ni sepsis?

Bí kòkòrò àrùn bá wọ ara, ara máa ń bá a jà. Nínú sepsis, ìjà náà á kọjá ààlà, ara á wá máa ba ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín àti ọpọlọ tirẹ̀ jẹ́.

Egbò kékeré, òtútù àyà, táífọ́ọ̀dù, ojú iṣẹ́ abẹ tàbí ìdodo ìkókó lè jẹ́ orísun rẹ̀. Ibà gan-an lè fà á.

Ìwádìí tó jáde nínú The Lancet ní 2020 ṣírò pé èèyàn mílíọ̀nù 48.9 ló ní sepsis lágbàáyé ní 2017, mílíọ̀nù 11 nínú wọn sì kú.

Àwọn àmì wo ni kí ẹ máa wò?

- Ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, tàbí kí aláìsàn má mọ ibi tó wà mọ́
- Kí ara máa gbọ̀n gidi, tàbí kó máa ro ó gan-an
- Kí odindi ọjọ́ kan kọjá láì tọ̀
- Kó máa mí gúlegúle
- Kí àwọ̀ ara yí padà. Lára èèyàn dúdú, ẹ wo ètè, ahọ́n, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀

Ìkókó lè kọ ọmú, kó ṣòro láti jí, tàbí kí gìrì mú un. Ara rẹ̀ lè tutù dípò kó gbóná, nítorí náà ẹ má torí pé ara kò gbóná fọkàn balẹ̀.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹ sọ fún dókítà bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bó bá ní egbò tàbí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: "Ṣé kì í ṣe sepsis?"

Sepsis ṣeé wò, ṣùgbọ́n wákàtí ni wọ́n fi ń ka àkókò rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́.