Ìṣirò Omi àti Ilẹ̀ tí Ó Ti Yí Padà



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ́ ti àwọn tí ń fi ìṣirò sọ ibi tí omi yóò gbà kí òjò tó rọ̀. Láti 2013 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ NIHSA ti ń tẹ ìwé jáde lọ́dọọdún, nínú èyí tí a ń dárúkọ àwọn agbègbè tí àkúnya omi lè dé bá. Àwọn kan nínú wa gbà á bí ẹni pé ó ti ṣẹ ná, àwọn mìíràn a sì máa rẹ́rìn-ín, wọn a ní, “Ní èṣí wọ́n wí bẹ́ẹ̀, omi kò sì wọ ilé wa.” Ọ̀nà méjèèjì kò tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti ń ṣe ìṣirò náà. Bí òjò bá rọ̀, apá kan a wọ inú ilẹ̀, apá kan a gbẹ lọ sí ojú ọ̀run, ìyókù a di àgbàrá, a sì wọ odò. Àwọn onímọ̀ a wọn òjò, wọn a sì wọn odò, fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn náà wọn a wá ìṣirò tí yóò so méjèèjì pọ̀, wọn a sì fi í wo òjò tí ń bọ̀. Nítorí náà ẹlẹ́rìí ni ìṣirò yìí, kò sì lè mọ̀ ju ohun tí a wọ̀n fún un lọ.

Níbo ni ẹlẹ́rìí yìí gbé ń ṣìnà jù? Ní ilẹ̀ olókè tí ó gbẹ ni. Èkíní, òjò ibẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè rọ̀ kíkankíkan lórí òkè kan, kí ó má kan èkejì. Èkejì, ohun tí a fi ń wọn òjò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ líle àti àpáta kì í mu omi, odò tí ó gbẹ ní òwúrọ̀ sì lè kún bo bèbè ní ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, 2023, ní ilẹ̀ Líbíà, òjò 414 mìlímítà rọ̀ ní ìlú Al-Bayda láàárín ọjọ́ kan. Ìsédò méjì tí ó wà lókè ìlú Derna wó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, 2024, omi ìsédò Alau, tí ń gba omi láti ìhà òkè Mandara, bo apá púpọ̀ nínú ìlú Maiduguri.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Kí ni èyí kàn wá ní Ìkẹjà, níbi tí kò sí òkè, tí òjò sì pọ̀?” Ó kàn wá gidigidi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, nígbà tí J. K. Coker ń dá oko ní Ifàkọ̀, oko kòkó àti obì ni Agége, ilẹ̀ sì ń mu omi. Lónìí, páànù ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì ni ó bo ilẹ̀ láti Orẹ́gùn dé Ògbà. A ti fi ọwọ́ ara wa sọ ilẹ̀ oko di àpáta. Ìṣirò tí a ti inú ìwọ̀n àtijọ́ ṣe kò lè sọ òtítọ́ nípa ilẹ̀ yìí mọ́, bí a kò bá tún un wọ̀n. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, 2011, òjò tí ó ju 200 mìlímítà lọ rọ̀ ní Èkó láàárín ọjọ́ kan; àgbàrá kò sì rí ilẹ̀ tí yóò mu ún.

Ohun mìíràn sì wà. Ìsédò Ọ̀yán, tí a ṣí ní 1983 nítòsí Abẹ́òkúta, lè gba omi tí ó tó 270 mílíọ̀nù mítà oníhà mẹ́ta. Bí a bá ṣí i sílẹ̀, omi náà a gba odò Ògùn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà Ìṣẹ̀rì, bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀ ní Ìkẹjà. Ẹni tí ó bá ń ṣírò òjò orí òrùlé tirẹ̀ nìkan kò tí ì ṣírò nǹkan kan.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Àwọn àgbà wí pé, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa omi kò gbọdọ̀ dẹ́kun wíwọ̀n. Kí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbé igò tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ dọ́gba sí gbangba, kí wọ́n wọn òjò lójoojúmọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún mẹ́wàá, yóò wúlò fún àwọn onímọ̀ ju àròyé wa lọ.

Bí ìkìlọ̀ bá sì dé, kí a gbọ́. Bí a bá sọ pé ewu wà lẹ́ẹ̀kan nínú ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́ta tí omi kò wọlé kò sọ ọ̀rọ̀ náà di irọ́. Ẹ gbọ́n gọ́tà yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má ṣe kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, ẹ sì mú àwọn arúgbó àti ọmọdé kúrò ní ibi tí ó rẹlẹ̀ kí òru tó ṣú. Ẹni tí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò tí omi kò sì dé, agara nìkan ni ó dá a. Ẹni tí ó jókòó tí omi sì dé, ó lè má rí ọjọ́ kejì.