Ilẹ̀, Igbó àti Omi: Ta Ni Ó Ni Wọ́n, Ta Sì Ni Ó Ń Ṣọ́ Wọn?



Bí àgbẹ̀ kan bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ó bá àwọn tí ń wọn ilẹ̀ nínú oko ọsàn rẹ̀, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde: "Ta ni ó ni ilẹ̀ yìí?" Bí ọdẹ kan bá dé etí igbó, tí ó sì rí pátákó tí a kọ ọ́ sí pé igbó ìjọba ni, ìbéèrè kan náà ni yóò béèrè. Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá àti ìjọba ti ń wá ìdáhùn sí i, nígbà mìíràn ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, nígbà mìíràn ní ilé ẹjọ́. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wá ni yóò mọ ibi tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé, àti ibi tí ojúṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà àwọn baba ńlá

Kí ìjọba òyìnbó tó dé, ilẹ̀ kò ṣàìní olùtọ́jú. Ọba tàbí baálẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ilẹ̀ ìlú, olórí ẹbí ni ó ń ṣọ́ ilẹ̀ ẹbí, àwọn ọmọ ẹbí sì ni wọ́n ń dá oko lórí rẹ̀. Àlejò tí ó bá fẹ́ ilẹ̀ yóò tọ onílẹ̀ lọ, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, láti fi hàn pé òun kò gbàgbé ẹni tí ó ni ilẹ̀. Igbó kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi inú rẹ̀. Odò kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹja inú rẹ̀. Èèwọ̀ ni òfin ìgbà náà. Nígbà tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún lé àwọn Ọ̀yọ́ kúrò ní ilé wọn àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí agbègbè wa yìí, irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi pín ilẹ̀ láìsí ìwé kankan.

Ìparun igi iré

Ohun tí ó kọ́kọ́ mú ìjọba wọ inú ọ̀rọ̀ igbó ni owó. Ní nǹkan bí ọdún 1894, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ra oje igi iré, èyí tí a lè fi ṣe rọ́bà. Àwọn ènìyàn rọ́ wọ inú igbó, àwọn mìíràn tilẹ̀ wá láti Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Gánà nísinsin yìí. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó lọ sí òkè òkun ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n wọn kò ro ti ọ̀la. Wọ́n dá igi iré lọ́gbẹ́ láti ìdí dé òkè, wọn kò sì jẹ́ kí ọgbẹ́ náà jinná kí wọ́n tó tún un dá. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi iré ti kú, òwò náà sì ti bàjẹ́. Èèwọ̀ kò ní agbára tó láti dá ìfẹ́ owó dúró.

Ìjọba Èkó rí ìparun yìí, ó sì gbèrò láti ṣe òfin. Àbá tí ó gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1897 fẹ́ fi igbó tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí sábẹ́ àṣẹ gómìnà. Àwọn ènìyàn ta ko àbá náà gidigidi, nítorí pé ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ tí àlejò rí bí aginjù ní ẹni tí ó ni ín. Ilẹ̀ náà ń sinmi ni. Olóko rẹ̀ ń bọ̀ wá ro ó. Àbá náà kò kẹ́sẹ járí. Ìjọba ní láti kọ́ pé láti tọ́jú igbó jẹ́ ọ̀tọ̀, láti gba igbó lọ́wọ́ onílẹ̀ sì jẹ́ ọ̀tọ̀.

Bí igbó ọba ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1899 ni a ya igbó Olókèmejì sọ́tọ̀, lẹ́bàá odò Ògùn, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Òun ni igbó ọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbin igi tíìkì ní ọdún 1902, igi tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá láti Íńdíà àti Bọ́mà, tí a sì ń fi ṣe òpó iná àti igi àjà lónìí. Ní ọdún 1903, H. N. Thompson, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú igbó ilẹ̀ Bọ́mà, di olórí iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni igbó ọba ti ń pọ̀ sí i: Gambari ní apá gúúsù Ìbàdàn, Ìjàyè ní ìhà ìwọ̀-oòrùn wa, àti àwọn mìíràn.

Òfin igbó tí a ṣe ní ọdún 1937 la ọ̀nà tí ìjọba gbọdọ̀ tọ̀. Kí a tó ya igbó kan sọ́tọ̀, a ní láti kéde rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ kan yóò jókòó láti gbọ́ ti gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ nínú igbó náà: ẹni tí ó ní oko níbẹ̀, ẹni tí ń já ewé, ẹni tí ń ṣẹ́ igi ìdáná, àti ẹni tí ń dẹ ìgbẹ́. Ẹ̀tọ́ tí ó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni a óò kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wá sọ tirẹ̀ láàárín àkókò tí a dá, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lè parun pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ó wà láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó jẹ́ ti ọmọ ẹni tí kò lọ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí a pè é.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àgbẹ̀ àti ìjọba gbà jọ ṣiṣẹ́. Nínú igbó bíi Gambari, a máa ń fún àgbẹ̀ láyè láti gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sáàárín àwọn igi kéékèèké. Bí àgbẹ̀ ti ń ro oko rẹ̀ ni ó ń ro ìdí igi pẹ̀lú. Nígbà tí igi bá ga tó láti ṣíji bo ilẹ̀, àgbẹ̀ yóò ṣí lọ sí apá ibòmíràn. Àgbẹ̀ rí oúnjẹ, ìjọba rí igi.

Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tilẹ̀ le ju ọ̀rọ̀ igbó lọ. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Amodu Tijani, ẹni tí ó jẹ́ Olúwa ti Èkó, ni olórí àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà. Ìjọba fẹ́ san owó fún un bí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan, kì í ṣe bí onílẹ̀. Olóyè náà kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn. Ní ọdún 1920 òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1921, àwọn adájọ́ Privy Council, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, dá a láre. Wọ́n ní bí ilẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn kò parun, àti pé ìjọba gbọdọ̀ sanwó fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ tirẹ̀ ni ayé ń gbọ́ tirẹ̀.

Igbó ni ìyá omi

Kí ni igbó ní í ṣe pẹ̀lú omi? Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí igi bò, ewé àti gbòǹgbò yóò dá a dúró kí ó lè rọra wọ inú ilẹ̀. Láti inú ilẹ̀ ni yóò ti máa sun jáde sí odò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá gé igi tán, òjò yóò gbá ilẹ̀ lọ́jọ́ kan, odò yóò sì gbẹ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ìdí nìyí tí igbó òkè odò Ògùn fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1936 àti 1941 ni a ya igbó Òkè Ògùn àti ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀, lórí ilẹ̀ tí ogun ti lé àwọn baba ńlá wa kúrò. Ní ọdún 1952 a sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ ẹranko. Ní ọdún 1991 ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di Old Oyo National Park, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,512 ní ìwọ̀n igun mẹ́rin, tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní ìlú Ọ̀yọ́.

Ní ti omi mímu, a sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé ní ọdún 1942 fún àwọn ará Ìbàdàn, a sì gbin igi yí adágún náà ká kí ẹrẹ̀ má baà kún un. Nígbà tí ìlú pọ̀ sí i, a sé odò Ọ̀ṣun ní Aṣẹ́jìrẹ́, iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1972. Ní ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò kan náà, àwọn ènìyàn ń kọ́ ilé sí etí odò Ògùnpa ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù August, ọdún 1980, odò náà kún bo ilé, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òfin wà, ìjọba wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé etí odò kò bá ìjọba ṣọ́ ọ.

Oko ìjọba ní Ìlọra

Àpẹẹrẹ kan wà ní ìtòsí wa. Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó jáde ní ilé-ìwé pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbé ètò oko jáde ní ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú, ó pín in fún àwọn ọ̀dọ́ tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì kọ́ ilé fún wọn. Ìlọra wà lára àwọn ìlú tí a dá irú oko bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn kan ṣe rere níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kò dúró nínú àwọn oko wọ̀nyí, owó tí a ná sí wọn sì pọ̀ gan-an. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ọsàn Fìdítì fi ọwọ́ ara wọn gbin igi ọsàn sórí ilẹ̀ ẹbí, ọsàn náà sì sọ ìlú wọn di mímọ̀ fún gbogbo ẹni tí ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kọjá.

Òfin tí ó wà lónìí

Òfin ilẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún àgbẹ̀ nísinsin yìí ni èyí tí ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ṣe ní oṣù March, ọdún 1978. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà, kí ó lè máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Gómìnà ni ó ń ṣàkóso ilẹ̀ ìgboro. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń ṣàkóso ilẹ̀ abúlé àti oko. Ìjọba ìbílẹ̀ kò lè fún ẹnì kan ṣoṣo ní ju hẹ́kítà 500 lọ fún oko, tàbí hẹ́kítà 5,000 fún ìjẹko ẹran, láìgba àṣẹ gómìnà.

Ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Ẹni tí ó ti ń dá oko lórí ilẹ̀ abúlé kí òfin náà tó dé ní ẹ̀tọ́ láti máa dá a lọ, bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó fún un. Ó lè ya àwòrán ilẹ̀ náà, kí ó sì mú un lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kí a lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin kò fi àyè sílẹ̀ pé kí a gé irú ilẹ̀ oko bẹ́ẹ̀ sí puloti fún títà. Ẹni tí ó bá sì rà á lè pàdánù owó rẹ̀. Bí ìjọba bá nílò ilẹ̀ náà fún ọ̀nà tàbí fún iṣẹ́ ìlú mìíràn, ó gbọdọ̀ kọ ìwé fún ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́. Yóò san owó igi eléso àti ohun ọ̀gbìn, yóò sì san owó ilé. Ṣùgbọ́n fún ilẹ̀ gan-an, kìkì iye ìṣákọ́lẹ̀ tí a san ní ọdún náà ni yóò san. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí kò mọ iye igi ọsàn rẹ̀, tí kò sì ní ìwé kankan, kò ní ohun tí yóò fi gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ ìṣírò.

Ní ti omi, òfin ọdún 1993 fi odò tí ó kọjá ìpínlẹ̀ kan sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀, ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pọn omi mímu, kí ó sì fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ní omi láìsan kọ́bọ̀, nínú odò tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Ohun tí ó kù fún wa

Ìjọba ni a fi ṣọ́ ilẹ̀, igbó àti omi. Ẹni tí a fi ṣọ́ nǹkan gbọdọ̀ jíhìn fún ẹni tí ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ẹni tí ó ni nǹkan kò gbọdọ̀ sùn. Kí olóko ka igi rẹ̀, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Kí olórí ẹbí fi ààlà ilẹ̀ han àwọn ọmọ nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láàyè. Bí ìkéde bá jáde pé a fẹ́ ya ilẹ̀ tàbí igbó sọ́tọ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn má ṣe sá. Kí ó lọ, kí ó sọ tirẹ̀, kí ó sì gba ìwé. Kí a má ṣe dá oko dé bèbè odò, kí a má sì jó igbó tí ó ṣíji bo orísun rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe: bí ìjọba nìkan bá ń ṣọ́ igbó, igbó yóò tán, bí ará ìlú nìkan bá ń pariwo ẹ̀tọ́, odò yóò gbẹ. Kí ìran tí ń bọ̀ lè bá ilẹ̀ tí ó ṣeé ro àti omi tí ó ṣeé mu ní Fìdítì, ọwọ́ méjèèjì ni yóò ṣiṣẹ́ náà.